Mo fẹ́ sá marathon gbowó fún hospice tí Màámi kú sí, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún ará ilé pé ibẹ̀ ni wọ́n kú sí

Àbígbẹ̀yìn_SE13 · 14 oṣù Kẹsàn-án

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu.

Màámi ṣaláìsí ní oṣù Kẹfà. Jẹjẹrẹ ifun ni. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá ní ìdájí kí àwọn tó ni ín tó wọlé. Nígbà tí dókítà ní kò sóògùn tó lè wo àìsàn náà mọ́, wọ́n gbé wọn lọ sí hospice kan, ilé ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ò gbóògùn mọ́, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọjọ́ 19 ni wọ́n lò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí mo rí. Nígbà tó di pé wọn ò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹnu wọn ń gbẹ, ètè wọn ń bó. Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé kí ni wọ́n máa ń fẹ́ràn láti mu. Mo ní mọ́ọ̀tì. Òyìnbó náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ ra méjì wá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. Ó da díẹ̀ sínú ife, ó dúró kí ìfófòó rẹ̀ lọ, ó wá mú kànìnkànìn kékeré kan tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi súìtì onígi, ó rì í bọ mọ́ọ̀tì, ó fi sí wọn lẹ́nu. Màámi fà á mu bí ìkókó. Wọ́n lajú. Wọ́n ní, "Ó tutù jù."

Láti ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì tó bá ń lọ á fi mọ́ọ̀tì lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kọ orúkọ Màámi sí ìgò náà lára, wọ́n sì ń tètè yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kọ́bọ̀, a ò san.

Hospice náà ní ààyè fún mi láti sá London Marathon ní oṣù Kẹrin tó ń bọ̀, bí mo bá lè kó ó kéré tán £2,000 jọ fún wọn. Ẹni ọdún 43 ni mí, kílò 96 ni mo wọ̀n, ìgbà tí mo sáré kẹ́yìn ni ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì 136 fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà mi o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ó ní gbèsè ìsìnkú tí a ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì wà lọ́rùn wa, mo tún fẹ́ máa ṣagbe kiri fún òyìnbó. Èkejì, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé hospice ni. "Ọsibítù" la ní. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n á máa wí pé a kó ìyá wa dà sílé ikú. Bí mo bá wá ṣí ojú-ìwé ìtọrẹ, mo gbọ́dọ̀ kọ ibi tí owó ń lọ àti ìdí tó fi ń lọ síbẹ̀. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì wà lórí WhatsApp.

Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbejì_Peckham · 14 oṣù Kẹsàn-án

Àbúrò mi, o kú àráfẹ́rakù. Ẹ̀yìn ìyá á dára, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Mo ti ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe yìí nígbà kan, nítorí ọkọ mi. Mo rìn ju bí mo ṣe sáré lọ, wọn ò sì gba mẹ́dà lọ́wọ́ mi nítorí ìyẹn. Kọ́kọ́ gba ààyè náà kí ẹlòmíì tó gbà á. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ láti fi yan àwọn tó máa sáré pọ̀ bí eéṣú, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í rí i. Ààyè tí hospice ní lọ́wọ́ yẹn, owó ni wọ́n fi rà á, wọn kì í fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n, a ó máa bọ̀ wá síbẹ̀.

Baálẹ̀_Mọ́kọ́lá · 15 oṣù Kẹsàn-án

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Àbígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ibi tí wọ́n ń kó èèyàn lọ láti lọ kú ni wọ́n ń pè ní hospice. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í kú sáàárín àlejò. Ìyàwó ilé àti ọmọ obìnrin ló yẹ kó máa tọ́ mọ́ọ̀tì yẹn sí ìyá lẹ́nu, kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbọ́n yín ò jẹ̀bi.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 15 oṣù Kẹsàn-án

Baálẹ̀ sà, ẹ má bínú, iṣẹ́ mi lẹ fọwọ́ bà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ní hospice níbí.

Ìyàwó ilé tí ẹ ń wí yẹn, bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ago márùn-ún ìdájí. Ọjọ́ tí kò bá lọ, wọn ò ní sanwó ọjọ́ náà fún un. Ta ló máa yí Màmá padà ní ago mẹ́ta òru kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà dá sí wọn lẹ́yìn? Ta ló máa mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń fa ṣẹ́ẹ̀tì ibùsùn yẹn, ìrora ni, kì í ṣe àlá? A ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ti oògùn wọ abẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Abẹ́ ìrọ̀rí la máa ń fi sí. Lóòrèkóòrè á dún "zzz" bí ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ tó ti sun ìsun àìlẹ́sẹ̀ńlẹ̀ nílé fún oṣù mẹ́ta, ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn yẹn tí wọ́n sì rí i pé ìyá wọn ò kérora mọ́, orí àga ni wọ́n ń sùn lọ sí.

Kò sì jẹ́ pé ẹni tó wọlé síbẹ̀ kì í jáde. Ọ̀pọ̀ ń wá kí a bá wọn dá ìrora tàbí èébì dúró, wọ́n á padà sílé. Àwọn tí à ń lọ bẹ̀ wò nínú ilé wọn pọ̀ ju àwọn tó ń sùn lọ́dọ̀ wa lọ fíìfíì.

Òyìnbó pàápàá ò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Cicely Saunders ló kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ni, ó di òṣìṣẹ́ tó ń bá aláìsàn yanjú ọ̀rọ̀ ilé, ó tún padà lọ kọ́ṣẹ́ dókítà nítorí pé ẹnu nọ́ọ̀sì ò tólẹ̀ nígbà náà. Ní 1948, ó ń tọ́jú ọkùnrin ará Pólàńdì kan, David Tasma, tí jẹjẹrẹ ń pa ní ọsibítù Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí kò ní ẹbí kankan nítòsí. Kó tó kú, ó fi £500 sílẹ̀ fún un, ó ní òun fẹ́ jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tó máa kọ́. Ọdún 19 gbáko ló gbà á kó tó ṣí ilé náà, St Christopher's ní Sydenham, ní 1967. Fèrèsé yẹn wà níbẹ̀. Ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan: gbèsè ilé, ìjà ẹbí tí kò parí, ẹ̀rù ọ̀run, gbogbo rẹ̀ ló ń dun aláìsàn pọ̀. Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n máa fún èèyàn ní mọ́fíìnì, oògùn apàrora, ní àsìkò tí wọ́n ti dá fún un, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ìrora bá padà dé. Mọ́fíìnì tí wọ́n wọ̀n bó ṣe yẹ kì í pa èèyàn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹjọ́ yẹn ni mo ń rò pẹ̀lú àwọn èèyàn wa lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ń bi pé ta ló ń sanwó: ìjọba ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wá fún hospice àwọn àgbàlagbà. Ìyókù ń ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkìrìkà wá, àti ohun tí àwọn òkú fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sáré.

Àjọkẹ́_Ìbàdàn · 15 oṣù Kẹsàn-án

Baálẹ̀ wa, àti Mọ́kọ́lá yín sí UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, ọ̀kadà kan ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń ṣe irú ìtọ́jú yìí níbẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tó ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Centre for Palliative Care Nigeria sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé wa ni àwọn nọ́ọ̀sì ti wá ń wo bàbá mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná, wọ́n kọ́ èmi àti màmá mi bí a ṣe ń fọ ojú egbò kó má rùn. Bàbá mi kú sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ó sì ń bú wa títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

Mọ́fíìnì olómi tí wọ́n fún un, ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń pò mọ́ omi. Dókítà kan, Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí, ló mú irú rẹ̀ lọ sí Ùgáńdà ní 1993, ibẹ̀ ni ó ti gbajúmọ̀. Kò wọ́n. Kó wà nílé ìpoògùn lọ́jọ́ tí èèyàn nílò rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́.

Baálẹ̀_Mọ́kọ́lá · 16 oṣù Kẹsàn-án

Mo gbà, mi ò mọ̀ pé ó wà ní UCH. Ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ló kù nínú mi, kì í ṣe ìjà o: kí ló wá kan ẹsẹ̀? Bí ènìyàn bá fẹ́ tọrẹ, kó tọrẹ. Kí ló dé tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ sá eré 42km kí ẹlòmíì tó yọ £20? Ó jọ mí lójú bíi ká ní kí n na ara mi kí ẹ tó sanwó.

ÌyáÌbejì_Peckham · 16 oṣù Kẹsàn-án

Baálẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn lẹ ń bi mí léyìí? Níbi ìnáwó, ta ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí, ẹni tó jókòó ti ìrẹsì ni àbí ẹni tó ń jó? Ẹ kúkú lè fi àpò ìwé fún ìyá ọlọ́jọ́ ìbí kí ẹ máa lọ. Ẹ̀ ń dúró kó bọ́ sójú agbo, kí onílù kì í, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí òógùn bò ó, ìgbà náà lẹ ó tó bọ́ síwájú. Eré yìí, ijó ni. Ọ̀nà ni agbo. Bí wọ́n ṣe ń ná òyìnbó náà nìyẹn, orí fóònù ni wọ́n ti ń ná an.

Àbígbẹ̀yìn, ìdáhùn tìẹ nìyẹn fún Ẹ̀gbọ́n. Agbe kọ́ ni. O fẹ́ jó fún ìyá rẹ, kí ẹni tó bá wù wá ná ọ.

Àbígbẹ̀yìn_SE13 · 16 oṣù Kẹsàn-án

Àǹtí, mo ka èyí fún ìyàwó mi nínú ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi pa gáàsì. Mo ti fọwọ́ síwèé fún ààyè náà.

Ẹ wá kọ́ mi ní eré sísá.

Ẹsẹ̀_Gìrìpá · 17 oṣù Kẹsàn-án

Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ti dé. Mo ti sá márùn-ún, méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Èkó (Third Mainland Bridge láìsí gosiló, ẹ ò rí i rí!). Mi ò yára. Mo kàn ń parí ni.

Ní kílò 96, ẹ má tíì sáré láìdúró. Ẹ sáré ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rin méjì, ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹ ò bá lè bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sáré, ẹ ti ń sáré jù. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún un, eré gígùn kan lópin ọ̀sẹ̀, títí á fi dé máìlì 18 sí 20 nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ dín in kù kí ẹsẹ̀ sinmi. Bàtà yẹn, ẹ rà á kó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ á wú. Ẹ fi fasilíìnì pa àárín itan, abíyá àti orí ọmú. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má fi pa ọmú, kí ẹ wá wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú àwọ̀tẹ́lẹ̀ èèyàn.

Ní nǹkan bíi máìlì 20, ṣúgà tí ara kó pamọ́ á tán. Ògiri ni wọ́n ń pè é, ògiri náà ni lóòótọ́. Nítorí náà kí ẹ máa jẹ nǹkan dídùn lọ́nà kí ebi tó pa yín. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òyìnbó á ní pásítà. Ìrẹsì ni tèmi, ata díẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ̀wà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Bí ó bá sì di máìlì 25 tí ẹ fẹ́ bú ẹnìkan, àwọn tó ṣètò Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù 1908 ni kí ẹ bú. Windsor ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó parí níwájú ibi tí àwọn ọba jókòó sí ní pápá White City. Bó ṣe di máìlì 26 àti yáàdì 385 nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 17 oṣù Kẹsàn-án

Kí ni jínótáìpù yín, Àbígbẹ̀yìn? Bí ẹ bá jẹ́ AS, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. AS kì í ṣe àìsàn, àwọn AS ń sá marathon dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi tipátipá lé ara rẹ̀ lórí kí ara tó mọ́ ọn, tí omi ò sì tó lára rẹ̀, iṣan rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ gun un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ eré, òùngbẹ ni kó sọ fún yín pé kí ẹ mu omi, kì í ṣe gbogbo tábìlì tí ẹ bá rí. Àmujù omi náà ń pa èèyàn, ó ń bu omi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀.

Olùṣírò_Owó · 19 oṣù Kẹsàn-án

Èmi ò lè sáré dé ìdí bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tó ń san owó orí ní ìlú Ọba, bó bá fọwọ́ sí Gift Aid, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá fi sílẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń pàdánù nìyí: ẹnìkan á gba owó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ogójì èèyàn, á fi £400 sórí ojú-ìwé lórúkọ ara rẹ̀, á sì tẹ Gift Aid. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ẹlòmíì kọ́ ni tìrẹ. Ẹ gba fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ hospice, kí kálukú kọ orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti iye rẹ̀, kó fàmì sí i. Owó ìrẹsì tí ẹ bá tà, owó tíkẹ́ẹ̀tì oríire, kò wọ̀ ọ́ rárá, nítorí wọ́n gba nǹkan dípò rẹ̀. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tí kò san owó orí níbí, kó má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín. Mo ti rí hospice tó dá owó padà.

Àbígbẹ̀yìn_SE13 · 11 oṣù Kìíní

Ẹ kú ọdún. AA ni mí, Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo ti dé máìlì 9. Kílò 89.

Òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀. Mo ń jáde ní ago márùn-ún ààbọ̀, mo ń gba orí Blackheath, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé mo rí obìnrin kan ní ibùdókọ̀, ó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, ó gbé báàgì ọ̀rá dání, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láti lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì ẹnìkan. Mi ò mọ ìgbà tí mo dúró. Mo di igi mú. Ó wá bi mí pé ṣé kí òun pe áńbúláǹsì.

Ìsìnkú ti Ìjẹ̀bú-Igbó, mi ò sunkún níbẹ̀. Kánópì, olórin, aṣọ ẹbí, èèyàn irínwó, mo ń ka abọ́. Báwo ló ṣe jẹ́ ìdí igi ní Blackheath?

Mi ò tíì ṣí ojú-ìwé náà.

ÌyáÌbejì_Peckham · 11 oṣù Kìíní

Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá kí ọ níbẹ̀ ni. Má dáhùn. Lọ sùn.

Ẹsẹ̀_Gìrìpá · 12 oṣù Kìíní

Ẹ máa mú ìnujú dání. Gbogbo wa la ń mú u.

Àbígbẹ̀yìn_SE13 · 3 oṣù Kẹta

Mo ti ṣí i. Ohun tí mo kọ, tí mo sì fi sínú WhatsApp ẹbí ní alẹ́ àná kí ọkàn mi tó yí padà, nìyí:

"Àbẹ̀kẹ́, ìyá wa, lo ọjọ́ 19 tó kẹ́yìn nínú hospice kan ní Lọ́ńdọ̀nù. A sọ fún yín pé ọsibítù ni. Ẹ̀rù ohun tí ẹ máa sọ ló bà wá. Kò sẹ́ni tó já wọn jù síbẹ̀, àwa ọmọ wọn ń gba ipò lọ́wọ́ ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tó tọ́jú wọn kò gba nǹkan kan. Mo fẹ́ sáré máìlì 26 fún wọn. Ẹ bá mi ná Àbẹ̀kẹ́."

Mo sọ fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, ó dún. Ìyá wa kékeré ni, àbúrò Màámi, láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní ó parí. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé wọ́n ń rí mi.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀ ń rò pé mi ò mọ̀ ni? Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló pè mí láti ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló bá a di fóònù mú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní òyìnbó kan ń fi mọ́ọ̀tì tọ́ òun bí ọmọ ọwọ́, òun sì ti sọ fún un pé ó tutù jù."

Láti oṣù Kẹfà! Wọn ò sọ fún wa, nítorí wọ́n rò pé àwa ni a ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwa náà ń fi pamọ́ fún wọn. Oṣù mẹ́sàn-án la fi ń sápamọ́ fún ara wa.

Wọ́n fi ₦20,000 ránṣẹ́. (Olùṣírò, mo mọ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́.) Ó ti di £1,240 láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ará ilé kan kọ nǹkan tí kò dára, mo kà á, mo gbé e kúrò. Ẹ̀gbọ́n ò tíì sọ̀rọ̀. Àmì búlúù méjì ni mo rí, ó ti kà á.

Baálẹ̀_Mọ́kọ́lá · 3 oṣù Kẹta

Ẹ fi ojú-ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Mo ní àbúrò kan ní Manchester tó jẹ mí lówó. Màá ní kó san án síbẹ̀.

Ẹsẹ̀_Gìrìpá · 19 oṣù Kẹrin

Ọ̀sẹ̀ eré dé! Ẹ lọ gba nọ́ńbà yín ní ExCeL, kí ẹ má sì rìn kiri nídìí ìpàtẹ wọn, ẹsẹ̀ yín lẹ ń ná. Ẹ má ra bàtà tuntun níbẹ̀. Ẹ mú àpò ìdọ̀tí ńlá kan lọ sí Blackheath, kí ẹ dá ihò orí sí i, kí ẹ wọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi yìnbọn, nítorí òtútù. Kí ẹ sì kọ orúkọ sí ara ẹ̀wù yín gàdàgbà, àwọn òǹwòran á máa pè é. Tèmi "OLUWASEUN" ni mo kọ lọ́dún yẹn. Ohun tí ẹnu òyìnbó sọ ọ́ dà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn_SE13 · 28 oṣù Kẹrin

Mo parí ẹ. Wákàtí márùn-ún, ìṣẹ́jú 52. Ẹ̀yìn ni mo ń fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé mi. Èékánná méjì ti dúdú.

ABEKE ni mo kọ sí àyà. Mo rò pé fún fọ́tò ni. Mi ò mọ̀ pé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù á máa pe ìyá mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Woolwich, "Abí-kì!" Níbi Cutty Sark ariwo pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi, "Ebékéè, come on!" Ọmọdé, ọlọ́pàá, àwọn ọ̀mùtí lẹ́nu ilé ọtí. Ó di Deptford, mo gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó jẹ́, dò-dò-mí: "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ò!" Ìyá kan ni, ó wé gèlè, ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ tàbí ó ń lọ. Orí mi wú. Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó bá mi jó bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi dí ọ̀nà, ó yọ £5, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí. Òógùn sì gbà á mú.

Lẹ́yìn Tower Bridge ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdajì, á máa wo àwọn tó ti dé máìlì 22 tí wọ́n ń bọ̀ lódì kejì títì kan náà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi hàn wá? Ní Canary Wharf ẹsẹ̀ òsì mi kọ̀. Mo rìn. Mo jókòó sórí pèpéle kan, mo sì fẹ́ kí ó tán síbẹ̀, òótọ́ ni. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ erinmi kọjá mi. Erinmi!

Àǹtí mi ń dúró ní Poplar, máìlì 21. Ó ti fi ìgò mọ́ọ̀tì kan há abíyá láti ago mẹ́wàá àárọ̀, ìfófòó rẹ̀ ti lọ. Ó ní, "Kò tutù." Mo mu gbogbo rẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé The Mall, mi ò lè sọ fún yín. Mo mọ̀ pé mo rí Big Ben. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pè é, wọ́n ń pè é ṣáá.

Owó ti dé £3,186. Ẹ̀gbọ́n ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lewisham, òun ló wà níta nínú mọ́tò rẹ̀, ó ti ti àga iwájú sẹ́yìn pátápátá kí ẹsẹ̀ mi lè nà. Kò sọ nǹkan kan títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé wàá lè gun àtẹ̀gùn yẹn?" Mo ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n gùn ún lẹ́yìn. Ẹni ọdún 52!

ÌyáÌbejì_Peckham · 28 oṣù Kẹrin

Àbẹ̀kẹ́ ò!

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 28 oṣù Kẹrin

Mo ń ka èyí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí ló ṣe mí. Ẹ má fa omi inú èékánná yẹn fúnra yín o.

Olùṣírò_Owó · 29 oṣù Kẹrin

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire. £5 ti Deptford yẹn, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Kò sórúkọ, kò sí àdírẹ́sì, kò sí Gift Aid.

Àbígbẹ̀yìn_SE13 · 29 oṣù Kẹrin

Ó wà lórí fíríìjì, ó ti gbẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni màá mú un lọ fún wọn, pẹ̀lú páálí mọ́ọ̀tì kan. Mo ti kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n má ṣe gbé e sínú ẹ̀rọ amómitutù.